Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ máṣíìnì l'Ékòó: abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Pákó dídán lókè, ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ nísàlẹ̀, pẹ́dàlì àti wíìlì ṣì wà níbẹ̀, orúkọ SINGER dúró gbagidi láàárín irin. Káfíńtà ẹ̀bá títì ní Mushin àti Agége lè bá yín ṣe é, ẹ ó sì rí i nínú ìsọ̀ fọ́níṣọ̀ tó ní ẹ́síì ní Ìkòyí, owó wọn kò sún mọ́ra rárá. Ẹsẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Irin tó ti jìyà lábẹ́ ẹsẹ̀ télọ̀ fún ọdún 50 kò ní í sá fún àwo oúnjẹ. Ọwọ́ ẹni tó sọ ọ́ di tábìlì ló ń bà á jẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kì í sì í hàn lójú pákó. Abẹ́ ló ń fara pamọ́ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ tó bèèrè iye tó jẹ́.

Oríṣi márùn-ún la gbé yẹ̀ wò: tábìlì ìkọ̀wé, tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdúró bẹ́sìnì ilé ìwẹ̀, ìgbé tẹlifíṣọ̀n, àti tábìlì àárín pálọ̀ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹ lówó. Ti tẹlifíṣọ̀n, kò burú, kò dára. Èyí tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má rà á rárá.

Ọ̀rọ̀ irin ló ṣáájú, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní Singer ni Singer. Ti Singer gan-an, irin dídà ni láti òkè délẹ̀: ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n dà bí ọnà léèsì, irin àgbélébùú tó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, pẹ́dàlì oníhò-oníhò, wíìlì ńlá lápá ọ̀tún, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí aṣọ ẹni tó ń ránṣọ há sínú wíìlì. Lẹ́tà orúkọ náà wà lára irin látìgbà tí wọ́n ti dà á, etí rẹ̀ á sì ti kúnná díẹ̀ nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí lẹ́tà bá mú bérébéré, tí ẹ rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o mọ́ irin, àfikún ni. Pfaff ti Jámánì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà kò ṣe é fojú di. Butterfly ti Ṣáínà pọ̀ nígboro gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà nípọn tó ti Singer àtijọ́, ṣùgbọ́n ó tó gbé tábìlì ìkọ̀wé bí wọn kò bá di ẹrù òkúta lé e. Télọ̀ tó bá ti so mótò kékeré mọ́ máṣíìnì rẹ̀ kò nílò pẹ́dàlì mọ́, bí ẹsẹ̀ púpọ̀ ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin kọ́ndẹ́ẹ̀mù nìyẹn, tí wọ́n á sì di ohun tí à ń wá lọ sí ọjà Òwódé Onírin.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì tó. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, alumínì ni ẹ ń wò, àwòṣe tuntun. Kì í ṣe pé alumínì burú, àmọ́ owó irin àtijọ́ kọ́ ló yẹ kí ẹ san lé e lórí.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ òun jẹ́ ti 1890, ẹ bi í pé orí máṣíìnì tó bá a wá dà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí Singer, ara orí máṣíìnì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, kò sí lára ẹsẹ̀. Nọ́ńbà tí kò ní lẹ́tà níwájú jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú 1900; láti 1900 ni Singer ti ń fi lẹ́tà ṣíwájú nọ́ńbà. Orí àti ẹsẹ̀ sì máa ń pínyà, orí tó ti dàgbà lè jókòó sórí ẹsẹ̀ tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sanwó ọjọ́ orí lórí ohun tí kò ní orí. Bí orí bá sì wà níbẹ̀, tó ṣì ń ránṣọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Máṣíìnì tí kò bèèrè iná NEPA kì í ṣe ohun tí à ń sọ di tábìlì ní ìlú yìí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ti jíjó irin. Irin dídà kì í ṣe irin géètì. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó ìdá 2 sí 4 nínú 100, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tẹ̀: bí ìyà bá pọ̀ fún un, ṣe ló ń sán bí àwo tánganran. Wẹ́dà tó mọ géètì í jó yóò fi ẹlẹ́kítíróòdù lásán, ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, kan ojú ibi tó sán, yóò lẹ̀, gbogbo èèyàn á sì rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ibi tí iná gbà á gbóná lójijì, tó tún tutù lójijì, ti le koko, kò lè nà mọ́. Irin tó yí i ká ní tirẹ̀ ń fà á bó ṣe ń tutù. Tó bá yá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí á yọ. Kì í yọ lórí ibi tí wọ́n jó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà. Ìlà yẹn ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá, pàápàá níbi tí irin àgbélébùú ti pàdé ẹsẹ̀, àti ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè, níbi tí wọ́n ti ń fi sukúrúù di pákó mú. Etí yìí ló ń kọ́kọ́ lọ, nítorí òun ni èèyàn ń gbá mú bó bá ń gbé e.

Ọ̀nà tó dára wà láti tún un ṣe. Ẹni tó ní gáàsì lè fi ọ̀pá idẹ jó o: idẹ ń yọ́ kí irin dídà tó yọ́, kò sì ní kí irin gbóná dé ibi tó ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo iná ẹlẹ́tíríìkì gbọ́dọ̀ ra ẹlẹ́kítíróòdù oníníkẹ́ẹ̀lì, kó kọ́kọ́ yan irin náà kí ó gbóná, kó jó o ní íǹṣì kan, kó dúró, kó fi hámà kékeré máa lù ú wọ́ọ́wọ́ kí irin tó tutù, kó tún jó íǹṣì kan ní apá ibòmíràn, lẹ́yìn náà kó bò ó mọ́lẹ̀ sínú iyanrìn gbígbẹ tàbí eérú títí di ọjọ́ kejì. Ẹlẹ́kítíróòdù yẹn wọ́n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í lò ó. Ọ̀nà kẹta kò bèèrè iná rárá: awẹ́ irin tó nípọn tó milimita 5, kí wọ́n gbé e ti ẹ̀yìn ibi tó sán, kí wọ́n lu ihò méjì sí apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi bóòtì dì í. Ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i bí wọ́n bá kùn ún dúdú, a sì fara mọ́ ọn ju méjì tó kù lọ, nítorí ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó rí i pé iṣẹ́ náà dúró. Gbólóhùn tó yẹ kó lé yín jáde nínú ìsọ̀ ni "Kò séwu, ọ̀gá mi, mo ti bá yín jó o." Ẹ bèèrè ohun tó fi jó o.

Àrékérekè kan tún wà. Wọ́n á fi bọ́dì fílà ti àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà dí ojú sísán, wọ́n á fá a kúnná, wọ́n á kùn ún. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Mágínẹ́ẹ̀tì yẹn mọ̀ ọ́n: ẹ máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lára ẹsẹ̀, ibi tó bá ti tú ọwọ́ rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, bọ́dì fílà ló wà níbẹ̀.

Bí irin bá pé, ẹ gbọn tábìlì. Ẹ di igun òsì iwájú àti igun ọ̀tún ẹ̀yìn mú, kí ẹ fì í. Bó bá ń mì jìnnìjìnnì, bóòtì irin àgbélébùú ló tú, tàbí kí ilẹ̀ ìsọ̀ má tẹ́jú. Ẹ gbé e sún síwájú kí ẹ tún fì í kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́. Bóòtì tó tú kì í ṣe ẹ̀sùn, ẹnikẹ́ni lè fún un. Ẹ̀sùn ni bóòtì àtijọ́ tí wọ́n fipá yọ. Yíyì ara bóòtì àtijọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ti milimita. Bóòtì milimita tí wọ́n ń tà lónìí lè wọlé ìdajì kó há, ẹni tó bá sì fi sípánà gùn ún yóò fọ́ etí irin. Bóòtì tó ti dógùn-ún, kẹrosín ni kí wọ́n dà sí i, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má fi hámà lu orí rẹ̀ o. Bóòtì lè dúró, irin tó yí i ká ni kò ní í dúró.

Táyà kékeré mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀. Orí sìmẹ́ńtì ìsọ̀ télọ̀ kò ṣe nǹkan. Orí táìsì, ṣe ni tábìlì á máa sá fún yín bí ẹ bá ń kọ̀wé, irin rẹ̀ á sì ha táìsì. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ìdí rọ́bà sí i, tàbí kí wọ́n fi ife rọ́bà sábẹ́ táyà. Iṣẹ́ kékeré ni.

Pẹ́dàlì àti wíìlì ni gbogbo àlejò ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti fi í sílẹ̀ kó máa yí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí inú yín dùn, kí ẹ sanwó. Nínú ilé tí ọmọdé wà, a kò fọwọ́ sí i. Ọ̀pá tó so pẹ́dàlì mọ́ wíìlì ń lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, àlàfo tó wà níbẹ̀ tó ìka ọmọdé, wíìlì náà sì wúwo débi pé kì í dúró lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ bá ké. Kí wọ́n yọ okùn awọ kúrò, kí wọ́n fi awẹ́ irin kékeré méjì di pẹ́dàlì mọ́ ọ̀pá rẹ̀ kí ó dúró gbọọrọ, kí wíìlì má lè yí. Bóòtì ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má jó o, nítorí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́la lè fẹ́ kó máa yí. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní ọmọdé, tó sì fẹ́ kó máa yí, epo máṣíìnì ni kó máa kán sí i níbi mẹ́ta: orí ọ̀pá, ìdí ọ̀pá, àti àárín wíìlì. Kì í ṣe òróró ìdáná. Òróró máa ń gan, ó máa ń kó eruku jọ, tó bá yá pẹ́dàlì á le bí ẹnu ọ̀nà tí òjò pa.

Ẹ jókòó sí i kí ẹ tó rà á. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì gba orúnkún ẹnì kan, kò gba ti ẹni méjì, pẹ́dàlì sì wà nílẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ na ẹsẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára fún tábìlì oúnjẹ ìdílé, ohunkóhun tí olùtajà bá wí. Ẹsẹ̀ kan kò lè gbé tábìlì ẹni mẹ́fà. Ẹsẹ̀ máṣíìnì méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun pákó kọ̀ọ̀kan, lè gbé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn gíga méjèèjì kí wọ́n tó ra èkejì, nítorí àwòṣe kan àti èkejì lè fi ìdá íǹṣì kan yàtọ̀, pákó gígùn kò sì ní í bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láṣìírí.

Ọ̀dà. Èkó kì í fi irin sílẹ̀: ọ̀rinrin wà níbi gbogbo, níbi tó sún mọ́ òkun, iyọ̀ tún wà nínú afẹ́fẹ́. Ìpáàrà tí wọ́n kun ọ̀dà lé lórí láìfọ̀ ọ́ kò dẹ́kun iṣẹ́, abẹ́ ọ̀dà ló ti ń ṣe é, tí ọ̀dà á wá máa ré bí ìpẹ́ ẹja. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ fi èékánná ha inú igun kan níbi tí ọnà irin ti ṣe kọ́lọ́kọ̀lọ́, kì í ṣe iwájú gbangba. Bí ìyẹ̀fun pupa bá bọ́ sílẹ̀, wọn kò fọ̀ ọ́.

Fífọ̀ tó péye ń gba ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosín yọ gíríìsì àti eruku aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ kẹrosín kúrò, kí wọ́n gbẹ ẹ́ lójú kan náà nínú oòrùn. Ibi tí ìpáàrà bá ti jẹ wọnú, kí wọ́n fi oògùn ìpáàrà tó ní ásíìdì fọsifọ́ríìkì pa á títí tó fi di dúdú. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní red oxide, ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀dà dúdú lé e, ẹ̀ẹ̀mejì, kí èkíní gbẹ dáadáa kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó bá fẹ́ ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú ààrò, ó lágbára ju ti búrọ́ọ̀ṣì lọ, ṣùgbọ́n irin dídà ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń mu epo àti afẹ́fẹ́ sára. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ yan irin òfìfo kí ó tú èyí jáde, yóò tú u jáde lábẹ́ ọ̀dà, ojú ọ̀dà á sì yọ ihò bí ojú àkàrà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń yan án ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn oníṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́: ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírándà lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ nínú ọgbà ilé yín, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n fi sáńpépà olómi fá a, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n sì kó ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ dànù.

Ti góòlù tí wọ́n ń kùn sí lẹ́tà SINGER báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè ṣe é. Lójú tiwa, ó ń sọ irin àgbà di ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù.

Pákó ni ibi tí ìsọ̀ olówó ńlá àti ti ẹ̀bá títì ti máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Pákó tútù. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n ti là á, tí wọ́n rọ́ fáníìṣì sí lára lọ́sẹ̀ kan náà, yóò dán dáadáa nínú òjò oṣù kẹfà. Bí ọyẹ́ bá dé, tàbí bí ẹ bá gbé e sínú yàrá tí ẹ́síì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Pákó kì í sún kì ní gígùn, ìbú ló ń gbà sún, bí wọ́n bá sì ti fi sukúrúù mẹ́rin kàn án mọ́ irin pinpin, kò níbi tí yóò sún sí. Ó di dandan kó là. Bí ẹ bá gbọ́ "pá" lóru nínú oṣù kìíní, òun nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò náni ní nǹkan kan. Kí ihò etí irin tó wà níwájú rí bí ó ṣe rí, kí wọ́n fi fáìlì sọ ihò méjì tó wà lẹ́yìn di gígùn, ní milimita 5 tàbí 6, síwájú sẹ́yìn; kí wọ́n fi wáṣà fífẹ̀ sábẹ́ orí sukúrúù, kí wọ́n fún un kó dúró, kí wọ́n má fún un pa. Pákó á dì mú níwájú, á sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn bó bá wù ú. Tábìlì tí wọ́n ṣe ihò rẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i, káfíńtà yẹn mọṣẹ́, ẹ lè fọkàn tán ìyókù. Ẹ tún wo gígùn sukúrúù. Pákó tó nípọn tó íǹṣì 1½ kò fẹ́ sukúrúù tó wọ inú rẹ̀ ju íǹṣì kan lọ. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ojú pákó wú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú tábìlì ní òòró ibi tí etí irin wà, ọwọ́ á sọ fún yín.

Irú igi wo? Ìrókò ló dára jù fún owó tí wọ́n ń béèrè: kì í rìn púpọ̀, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Apá dúró ju ìrókò lọ, àmọ́ ó wúwo, ayùn ń bú u. Ọ̀gànwó lẹ́wà, ó gba fáníìṣì dáadáa. Ọmọ́ fúyẹ́, kò burú fún tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Arère, rárá: ó rọ̀, bíbì ọwọ́ lásán máa ń hàn lára rẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro ni pé wọ́n máa ń fi àwọ̀ pa arère kó jọ ìrókò. Ẹ yẹ abẹ́ pákó wò, níbi tí àwọ̀ kò dé, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú pákó, tó sì fi ju 15 nínú 100 hàn, pákó náà kò tíì tó kàn mọ́ irin.

Ìwọ̀n pákó tó bá ẹsẹ̀ kan mu ni gígùn íǹṣì 42 sí 48, ìbú íǹṣì 18 sí 20. Àwọn kan ń ṣe ìbú 26 nítorí oníbàárà fẹ́ ibi tó gbòòrò. Ìtẹ̀lẹ̀ irin náà kò jìn tó bẹ́ẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tẹ etí rẹ̀ láti dìde, tábìlì á bá a dìde.

Ẹni tó bá fẹ́ mábù tàbí gíláàsì, kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ẹrù. Mábù tó nípọn tó milimita 20, tó gùn ní mítà 1.2, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, wọn tó kílò 32. Gíláàsì milimita 10 tí ìwọ̀n rẹ̀ bákan náà jẹ́ kílò 15, bí ti pákó ìrókò íǹṣì 1½ nìyẹn. Irin Singer tó pé yóò gbé mábù láìsọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ti jó létí kò ní í sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tó máa já. Kí gíláàsì jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le, kí ó jókòó sórí rọ́bà mẹ́rin, kó má fara kan irin rárá. Gíláàsì ní àǹfààní kan tí pákó kò ní: ẹ ó máa rí irin láti òkè. Ó sì ní ìyọnu kan: ẹ ó máa rí eruku rẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìdúró bẹ́sìnì ló yà wá lẹ́nu jù. Gíga irin náà tó íǹṣì 28. Ẹ fi pákó 1½ lé e, ẹ gbé bẹ́sìnì olókè tó ga ní íǹṣì 5 lé pákó, etí bẹ́sìnì wà ní íǹṣì 34½. Ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà tó dúró ń fẹ́ kí omi wà gan-an nìyẹn. Páìpù ìdọ̀tí á gba àárín lọ sẹ́yìn lábẹ́ irin àgbélébùú. Wíìlì wà lápá ọ̀tún, kí páìpù má sún mọ́ ọn. Ibi tó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni ihò tí wọ́n lu sí pákó fún páìpù. Wọ́n á rọ́ fáníìṣì sí ojú pákó lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á gbàgbé inú ihò, omi á wọ ibẹ̀, pákó á sì máa dúdú láti inú bọ̀ síta. Kí wọ́n fi ipókísì kun inú ihò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí páìpù tó wọlé, kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù yí i ká. Ìdí ẹsẹ̀ irin gbọ́dọ̀ wọ rọ́bà tó gbé e kúrò nílẹ̀, nítorí omi ìwẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí, 9 nínú 10. Tábìlì ìkọ̀wé, 8. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, 8 náà, kò sí ohun tó ń fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ìgbé tẹlifíṣọ̀n gba 5. Ó ga jù. Tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 55 tó bá dúró lórí rẹ̀, àárín rẹ̀ á wà ní nǹkan bí íǹṣì 46 sílẹ̀, ojú ẹni tó jókòó sórí àga pálọ̀ kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa gbé ọrùn sókè wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 90.

Tábìlì àárín pálọ̀, 2 nínú 10, a sì fún un ní 2 yẹn nítorí pákó. Kí irin íǹṣì 28 lè di 17, wọ́n ní láti fi gírándà gé e láàárín ọnà, kí wọ́n yọ pẹ́dàlì, wíìlì àti irin àgbélébùú, kí wọ́n wá jó páìpù lásán mọ́ ohun tó kù láti fi ṣe ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó ń mú un dúró ti lọ, gbogbo ohun tó ń mú un sán ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ tábìlì kúkúrú, kó ra tábìlì kúkúrú.

Nípa owó: iye irin àlòkù ń yí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, a kò ní fi iye kan dè yín. Ẹ ní kí wọ́n pín in fún yín sí mẹ́rin, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, pákó lọ́tọ̀, ọ̀dà lọ́tọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀. Olùtajà tó bá pín in ti mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ó sì máa ń dín kù bí ẹ bá ra ẹsẹ̀ fúnra yín, tí ẹ gbé e lọ fún káfíńtà. Bí ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé àdéhùn, kì í ṣe ẹnu lásán: irú igi, bí pákó ṣe nípọn tó, ihò gígùn lẹ́yìn, bóòtì dípò iná, iye ìgbà tí ọ̀dà yóò gorí rẹ̀. Kí ẹ sì ya fọ́tò irin kí wọ́n tó kùn ún.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ yọ pákó kúrò, kí ó rìnrìn àjò tirẹ̀. Ẹ fi okùn so wíìlì mọ́ ẹsẹ̀ kí ó má máa yí nínú ọkọ̀, ẹ má fi apá tí wíìlì wà dùbúlẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, kí ẹni méjì gbé e, kí oníkálukú di ẹsẹ̀ kan mú nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbá etí òkè mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti jókòó sílé, ẹ mú sípánà, ẹ tún bóòtì irin àgbélébùú fún. Wọ́n máa ń tú díẹ̀ bí irin bá ti rí ibi jókòó sí.